Bí Ẹ Ó Ṣe Yan Pẹ́dàlì Tí Kò Ní Jẹ́ Kí Béèsì Yín Sọnù Láàárín Báǹdì

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń lu gìtá béèsì ló ti ra pẹ́dàlì, àpótí kékeré tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ láti yí ohùn gìtá padà, tó dùn yùngbà nínú yàrá, àmọ́ tí báǹdì bá ti gbé orin lọ́jọ́ Sunday tàbí lóde àríyá, béèsì á di àwátì. Ẹni tó ń lù ú gan-an ò ní gbọ́ ara rẹ̀ mọ́. Á yí bọ́tìnnì yìí, á yí tọ̀hún, á fi kún ohùn áńpù, ẹni tó wà nídìí míkísà á sì bá a dín in kù. Kò ní pẹ́ tí pẹ́dàlì náà yóò fi wọ inú àpò, tí wọ́n á sì máa wá ẹni tí yóò rà á lọ́wọ́ wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé bí pẹ́dàlì ṣe dùn nígbà tí béèsì dá wà la fi ń yàn án. Béèsì kì í dá wà nínú orin. Àárín kíìkì (ìlù ńlá tí onídúróòmù ń fẹsẹ̀ lù) àti ọwọ́ òsì ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ló ń gbé, ibẹ̀ ló sì yẹ ká ti dán pẹ́dàlì wò. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tó ń lu béèsì ní ṣọ́ọ̀ṣì, nínú báǹdì jùjú tàbí lóde ìnáwó, tó fẹ́ fi owó rẹ̀ ra pẹ́dàlì kan ṣoṣo tí yóò wúlò. Ẹ má fo ìpele kankan, pàápàá jù lọ ìpele kìíní tí gbogbo èèyàn ń fò.

Ohun tí ẹ nílò

- Gìtá béèsì tiyín gan-an. Èyí tí ẹ yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ kò lè jẹ́rìí fún yín.
- Wáyà gìtá méjì tí kì í ṣe ségesège.
- Bátìrì 9V tuntun méjì.
- Fóònù tó lè gba ohùn sílẹ̀, àti íápíìsì tó dára.
- Túnà. Èyí tó wà lórí fóònù náà tó.
- Onídúróòmù àti ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù, fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.
- Bébà àti bírò.
- Owó tí ẹ ti pín sí méjì: ti pẹ́dàlì, àti ti àdápítọ̀ pẹ̀lú wáyà. Ẹni tó bá ná gbogbo owó sórí pẹ́dàlì ló máa ń padà lo àdápítọ̀ tí kò bá a mu.

Ìpele 1: Ẹ tún ohun tó ṣáájú pẹ́dàlì ṣe

Ohun tí gìtá bá gbé wá ni pẹ́dàlì ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Bí okùn bá ti kú, ariwo okùn tó ti kú ni pẹ́dàlì yóò sọ di ńlá. Ooru àti òógùn ọwọ́ a sì máa tètè pa okùn nílẹ̀ wa. Ẹ fa okùn E, èyí tó nípọn jù, láìtẹ ibì kankan, kí ẹ jẹ́ kó máa dún lọ. Bí ó bá kàn dún "gbù" tó sì dákẹ́ láìní ìgbẹ̀yìn, tàbí tó ti dúdú tó ń ha ọwọ́, àsìkò rẹ̀ ti tó. Àwọn kan a máa se okùn nínú omi kí ìdọ̀tí ara rẹ̀ lè ṣí kúrò. Ó ń ṣiṣẹ́, ohùn á mọ́ padà, àmọ́ kì í bá èèyàn lọ jìnnà. Bí owó bá há, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì nù ún gbẹ dáadáa kí ẹ tó so ó padà.

Bí béèsì yín bá jẹ́ irú èyí tó ń lo bátìrì, ẹ pààrọ̀ bátìrì náà kí ẹ tó dá pẹ́dàlì kankan lẹ́bi. Bátìrì tó ti rẹ̀ a máa mú kí ohùn fọ́ nígbà tí ẹ bá fi agbára lù ú, ẹni tí kò mọ̀ á sì rò pé áńpù ló bàjẹ́. Wáyà tí ẹ kì bọ ara gìtá ló ń tan bátìrì yẹn. Tí ẹ bá fi wáyà sílẹ̀ lára rẹ̀ di ọjọ́ kejì, gbogbo òru ni bátìrì fi ń ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ pẹ́dàlì tó ń lo bátìrì ló rí bẹ́ẹ̀ náà: wáyà tó wọ ẹnu INPUT ló ń tàn án, kì í ṣe bọ́tìnnì tí ẹ ń fẹsẹ̀ tẹ̀.

Ẹ tún wo píkọ́ọ̀pù, ìyẹn máńgẹ́ẹ̀tì tó ń gba ohùn lábẹ́ okùn. Bí ìhà E bá sún mọ́ okùn jù, E á máa bú ramúramù, a ò sì ní gbọ́ okùn G, èyí tó tínrín jù. Ẹ fi sukurudíráfà yí ìhà náà wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa lù ú kí ẹ máa gbọ́ ọ.

Àyẹ̀wò: Ẹ so gìtá mọ́ áńpù tààrà, kí gbogbo bọ́tìnnì áńpù wà láàárín. Ẹ lu okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ṣíṣí, kí ẹ sì tún lù wọ́n ní fúrẹ́ẹ̀tì kejìlá, kí ẹ gbà á sílẹ̀. Íápíìsì ni kí ẹ fi gbọ́ ọ, torí ní ṣíṣí, okùn E ń dún ní 41 Hz (Hz ni iye ìgbà tí okùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan), G pàápàá kò ju 98 Hz lọ, sípíkà inú fóònù kò sì lè gbé ìró tó lọ sísàlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bí okùn mẹ́rin náà bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, tí ẹ mi wáyà tí kò sì ta pàrà, ẹ lè tẹ̀síwájú.

Ìpele 2: Ẹ gba báǹdì sílẹ̀, kí ẹ kọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó

Ẹ gbé fóònù sí àárín gbọ̀ngàn, ní ibi tí àyà èèyàn máa ń wà. Ẹ má gbé e sí iwájú sípíkà, ẹ má sì gbé e sí kọ̀rọ̀ ògiri, torí ìró ìsàlẹ̀ a máa kó jọ sí kọ̀rọ̀ tí yóò sì purọ́ fún yín pé béèsì pọ̀. Ẹ lu orin méjì, ọ̀kan tó falẹ̀, ọ̀kan tó yá. Ẹ má gbọ́ ọ lójú ẹsẹ̀. Ó di ọjọ́ kejì, nígbà tí etí ti sinmi.

Nígbà tí ẹ bá ń gbọ́ ọ, ẹ gbàgbé bí ẹ ṣe lù ú, kí ẹ bi ara yín ní ìbéèrè wọ̀nyí. Ṣé àwọn ohùn kan ń fò sókè tí àwọn mìíràn ń rì? Ṣé ẹ ń gbọ́ pé béèsì wà, àmọ́ tí ẹ ò lè kọ ohun tó lù tẹ̀lé e? Ṣé ó mọ́ tónítóní jù tí kò fi lè gún orin? Ṣé orin tó falẹ̀ ló dà bíi pé ó ṣófo? Ẹ kọ gbólóhùn kan ṣoṣo sórí bébà.

Ìkìlọ̀: "Mo fẹ́ kó dùn sí i" kì í ṣe gbólóhùn. Kò sí ẹni tó lè ta pẹ́dàlì tó bá ìyẹn mu fún yín, àfi kó ta èyí tó wọ́n jù. "Mo fẹ́ kí ohùn mi dà bíi ti ẹni báyìí" náà kò tó, torí ẹ ò mọ iye ohun tí wọ́n ti ṣe sí ohùn ẹni náà nílé ìgbohùnsílẹ̀. Gbólóhùn tó dára a máa rí báyìí: "Bí mo bá lọ sórí okùn G, ohùn mi á lọ sílẹ̀," tàbí "Bí kíbọ́ọ̀dù bá wọlé, a kì í mọ ohun tí mò ń lù mọ́."

Àyẹ̀wò: Ẹ fún onídúróòmù yín ní ohun tí ẹ gbà sílẹ̀, láìsọ ohun tí ẹ kọ fún un. Bí òun náà bá tọ́ka sí ohun kan náà, òótọ́ ni. Bí ohun tó sọ bá yàtọ̀ pátápátá, ẹ tún un gbọ́ kí ẹ tó náwó.

Ìpele 3: Ẹ wá irú pẹ́dàlì tó bá gbólóhùn yín mu

Orúkọ tó wà lára páálí ni mo lò níbí, kí ẹ lè dá a mọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù.

*Ohùn kan ń pariwo, èkejì ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.* Compressor tàbí limiter ni. Boss LMB-3 àti MXR M87 wà nínú èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún béèsì. Ó ń dín èyí tó bá ga jù kù, kí èyí tó kéré lè bá a dọ́gba. Nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní ratio ló ń sọ bó ṣe le tó: bí ó bá jẹ́ 4:1, ohùn tó bá fi 4 dB (dB ni ìwọ̀n ìpariwo) kọjá ààlà, 1 dB péré ni yóò jẹ́ kó kọjá. Ẹ ṣọ́ra, torí compressor tí a yí jù a máa pa ìfọwọ́ta ẹni, béèsì á wá rí pẹrẹsẹ, ariwo wáyà á sì gòkè wá. Bó bá sì jẹ́ ìka yín ni kò dọ́gba, ìdánrawò pẹ̀lú mẹ́tírónóòmù ló ń tún un ṣe, ojú rẹ̀ nìkan ni compressor lè bò.

*Béèsì wà, àmọ́ a ò mọ ohun tó ń sọ.* EQ, tó ń dín ìró ìsàlẹ̀, àárín tàbí òkè kù tàbí tó ń fi kún un, tàbí preamp, tó ń tún ohùn gìtá ṣe kó tó dé áńpù tàbí míkísà, ni. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà jù, nítorí pé ohun tó kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn ni láti fi kún bọ́tìnnì Bass. Kíìkì ti jókòó síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọwọ́ òsì kíbọ́ọ̀dù náà ti wà níbẹ̀, ẹ sì tún fẹ́ lọ dá kún wọn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọ̀pọ̀ sípíkà ṣọ́ọ̀ṣì tí kò ní sub (sípíkà ìró ìsàlẹ̀) kò lè gbé 41 Hz jáde tó nǹkan. Ohun tí etí ìjọ ń gbọ́ lára okùn E ni àwọn ìró tó ń tẹ̀lé e lókè: 82, 123, 164 Hz àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó ń jẹ́ kí béèsì sọ̀rọ̀ yéni wà láàárín 500 sí 1,000 Hz, ohun tó sì ń bò ó bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn ògiri wà ní bíi 200 sí 300 Hz. Ẹ dín ti ìsàlẹ̀ yìí kù kí ẹ tó fi kún ohunkóhun. Ẹ wo Boss GEB-7: nínú ọ̀pá méje tí ó ní, mẹ́ta ló wà ní 400, 500 àti 800 Hz. Àwọn tó ṣe é mọ ibi tí iṣẹ́ wà.

*A ò ní áńpù béèsì, míkísà ni gìtá ń wọ̀ tààrà.* Preamp tó ní DI, ìyẹn ẹnu tó ń sọ ohùn gìtá di èyí tí míkísà lè gbà, ni kí ẹ wá. Béèsì tí kò ní bátìrì kò gbọ́dọ̀ wọ ẹnu line míkísà tààrà, torí píkọ́ọ̀pù rẹ̀ ń fẹ́ ẹnu tó tó nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ohm, ẹnu line sì sábà máa ń wà ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá sí ogún. Ohùn òkè á kú síbẹ̀, èyí tó kù á di gbùgbù. Tech 21 SansAmp Bass Driver DI, MXR M80 àti Behringer BDI21 tí owó rẹ̀ kéré sí tàwọn yòókù ló wọ́pọ̀ nínú irú yìí. Ẹ kíyè sí ohun kan: SansAmp àkọ́kọ́ kò ní bọ́tìnnì Mid, ohùn rẹ̀ sì rì láàárín. Nílé, ó dùn gan-an. Láàárín báǹdì, àárín tó rì yẹn gan-an ni ẹ nílò. Ẹ̀dà rẹ̀ kejì, V2, ti ní Mid, òun ni kí ẹ wá. Fún ọ̀pọ̀ ẹni tó ń lu béèsì ní ṣọ́ọ̀ṣì nílẹ̀ wa, irú pẹ́dàlì yìí ni màá ní kí wọ́n kọ́kọ́ rà kí wọ́n tó ra ohunkóhun mìíràn, torí ó ń ṣe ohùn, ó sì ń gbé e dé ọ̀dọ̀ míkísà bó ṣe yẹ.

*Ohùn mọ́ jù, kò ní eyín.* Overdrive, tó ń mú kí ohùn fọ́ díẹ̀, ni. Kò sí ibi tí a ti ń pàdánù owó tó èyí, torí àwọn èèyàn ń ra ti lead gìtá. Ẹ gbé Ibanez Tube Screamer yẹ̀ wò. Lead gìtá fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi, àmọ́ wọ́n ṣe é kí agbára rẹ̀ máa dín kù sí i bí ìró bá ṣe ń lọ sísàlẹ̀ 720 Hz. Ìró ìpìlẹ̀ gbogbo okùn béèsì yín nígbà tí wọ́n wà ní ṣíṣí kò sì tó 100 Hz. Ẹ tẹ̀ ẹ́, òkè á fọ́ dáadáa, ìsàlẹ̀ á tínrín, báǹdì á sì dà bíi pé ilẹ̀ já lábẹ́ rẹ̀. Bọ́tìnnì tó ń gbà yín lọ́wọ́ èyí ni Blend, tí àwọn mìíràn ń pè ní Balance tàbí Mix. Ó ń jẹ́ kí ohùn gìtá tí a kò fọwọ́ kàn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó fọ́. Boss ODB-3 ní Balance, SansAmp ní Blend. Ẹ má ra overdrive béèsì tí kò ní in, àyàfi tí ẹ bá ti gbọ́ ọ pẹ̀lú báǹdì tó sì tẹ́ yín lọ́rùn.

*Orin tó falẹ̀ ṣófo.* Chorus, tó ń mú kí gìtá kan dà bíi méjì tó jọ ń dún, ni. Ẹ wá èyí tó ń fi ìró ìsàlẹ̀ sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án. Boss CEB-3 ní bọ́tìnnì Low Filter fún iṣẹ́ yẹn. Chorus tí kò ní in á jẹ́ kí ìsàlẹ̀ máa mì, orin á sì dà bíi pé kò wọ túnù.

Octave (tó ń fi ohùn kan náà kún un nísàlẹ̀) àti envelope filter (tó ń yí ohùn padà bí ẹ bá ṣe fi agbára lù ú) dùn, àmọ́ orin mélòó lẹ ń lù tó nílò wọn? Octave àtijọ́ bíi Boss OC-2 a sì máa ṣì ohùn mú bí ẹ bá ti sọ̀kalẹ̀ sórí okùn E.

Èyí tó kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, bíi Zoom B1 Four, dára fún ẹni tó ṣì ń kọ́ṣẹ́, torí túnà àti ìlù ìdánrawò wà nínú rẹ̀. Àmọ́ ohùn tí wọ́n tò sínú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́, kó lè wu ẹni tó dá jókòó ni wọ́n ṣe tò ó. Ẹ ó ní láti fúnra yín tò tiyín. Kò sì ní ẹnu XLR, ẹnu oníhò mẹ́ta tó ń lọ sí míkísà, ẹ ó tún ra DI.

Àyẹ̀wò: Lábẹ́ gbólóhùn yín, ẹ kọ irú pẹ́dàlì, kí ẹ sì kọ bọ́tìnnì kan tó di dandan kó ní. Bí ẹ ò bá lè dárúkọ bọ́tìnnì náà, ẹ padà ka ìpele yìí.

Ìpele 4: Ẹ yanjú ọ̀rọ̀ iná kí ẹ tó ra pẹ́dàlì

Iná ló ń ba pẹ́dàlì jẹ́ jù lọ níbí. Ọ̀pọ̀ pẹ́dàlì ń fẹ́ 9V, àmì ìyọkúrò (−) sì ni ó máa ń wà láàárín òbìrípo tí wọ́n yà sára rẹ̀. Ẹ wo àdápítọ̀ kíbọ́ọ̀dù Yamaha tó wà káàkiri ṣọ́ọ̀ṣì: 12V ni ọ̀pọ̀ wọn, àmì àròpọ̀ (+) ló sì wà láàárín. Ẹnu rẹ̀ lè wọlé wẹ́rẹ́, àmọ́ ó lè sun pẹ́dàlì lójú ẹsẹ̀. Ti ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì náà sábà máa ń jẹ́ 12V. Ẹ má dán an wò.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ka mA, ìyẹn ìwọ̀n iná tó ń ṣàn. Iye tí àdápítọ̀ lè pèsè gbọ́dọ̀ tó èyí tí pẹ́dàlì ń fẹ́, tàbí kó jù ú lọ. Bó bá jù ú lọ, kò léwu. Pẹ́dàlì kékeré lè má fẹ́ ju 30 mA lọ, àmọ́ irú Zoom tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan máa ń fẹ́ àdápítọ̀ 500 mA.

Ìkìlọ̀ fún ẹni tó ń ra tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà: iná 120V ni wọ́n ń lò lọ́hùn-ún, tiwa wà ní 220 sí 240V. Bí wọ́n bá fún yín ní àdápítọ̀ rẹ̀, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ síwájú INPUT. Bí ó bá jẹ́ 100–240V, kò sí wàhálà. Bí ó bá jẹ́ 120V nìkan, ẹ má kì í bọ iná.

Àyẹ̀wò: Bí pẹ́dàlì bá ti dé ọwọ́ yín, ẹ tàn án pẹ̀lú àdápítọ̀, kí ẹ má lu nǹkan kan. Bí ó bá ń kùn, ẹ yọ àdápítọ̀, kí ẹ fi bátìrì sí i. Bí ìkùn náà bá lọ, àdápítọ̀ tàbí jẹnẹrétọ̀ ló fà á. Bí kò bá lọ, wáyà tàbí gìtá ni kí ẹ yẹ̀ wò.

Ìpele 5: Dídán an wò ní ṣọ́ọ̀bù

Ẹ gbé gìtá yín dání, pẹ̀lú wáyà, bátìrì àti bébà yín. Ẹni tó ń tajà á fẹ́ fi béèsì tó wọ́n jù ní ṣọ́ọ̀bù lù ú fún yín. Ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì so tiyín.

1. Ẹ gbé gbogbo bọ́tìnnì pẹ́dàlì sí àárín. Ẹ má yí ti áńpù mọ́ láti ìgbà náà.
2. Ẹ lu okùn E ní ṣíṣí nígbà tí pẹ́dàlì wà ní pípa. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ tún lù ú. Ẹ yí Level títí tí títàn àti pípa yóò fi pariwo bákan náà. Ìdánwò tó ń tú àṣírí jù nìyí, torí ohun tó bá pariwo ju èkejì lọ ni etí máa ń pè ní dídùn, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń sanwó fún ariwo lásán.
3. Nígbà tí ìpariwo ti dọ́gba, ẹ gbọ́ ìsàlẹ̀. Ṣé E ṣì wúwo bíi ti tẹ́lẹ̀? Bí ó bá tínrín, ẹ yí Blend. Bí kò bá ní Blend, ẹ fi í sílẹ̀.
4. Ẹ lu ohun tí ẹ máa ń lù gan-an, orin tí ẹ gbà sílẹ̀ ní ìpele kejì. Ẹ má lu slap (fífi àtàǹpàkò gbá okùn) tí ẹ kì í lù ní ṣọ́ọ̀ṣì.
5. Ẹ yọ iná pẹ́dàlì, kí ẹ tún lu gìtá. Àwọn pẹ́dàlì kan á jẹ́ kí ohùn kọjá, ti Boss kò ní jẹ́ kó kọjá. Kì í ṣe àléébù, àmọ́ ó yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n kí iná tó lọ láàárín ìsìn.
6. Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ ṣí ibi bátìrì wò bóyá omi bátìrì ti jẹ ẹ́. Ẹ mi ẹnu wáyà, ẹ yí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan láti òpin dé òpin kí ẹ gbọ́ bóyá ó ń ha, ẹ sì fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ léraléra. Ọwọ́ nìkan ò tó, ẹsẹ̀ lẹ ó máa lò.

Ẹ bá wọn sọ ọ́ kó yé ara yín pé ẹ máa lò ó pẹ̀lú báǹdì, ẹ ó sì dá a padà ní ọjọ́ tí ẹ bá jọ fẹnu kò sí bí kò bá ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé ẹ̀rí owó. Ẹni tí kò bá gbà bẹ́ẹ̀, ẹ wá ṣọ́ọ̀bù mìíràn lọ bí ó bá ṣeé ṣe.

Àyẹ̀wò: Ẹ ka gbólóhùn orí bébà. Ṣé ohun tí pẹ́dàlì yìí ṣe nìyẹn? Bí ó bá jẹ́ ohun mìíràn tó dùn ni ó ṣe, ẹ má rà á lónìí.

Ìpele 6: Ẹ so ó bó ṣe yẹ

Bí pẹ́dàlì yín bá jẹ́ kan ṣoṣo, ìpele yìí kò ní pẹ́. Bí ẹ bá ti ní òmíràn tẹ́lẹ̀, ètò tó sábà máa ń ṣiṣẹ́ ni: gìtá, túnà, octave tàbí envelope filter, compressor, overdrive, EQ tàbí preamp, chorus, lẹ́yìn náà DI. Filter ń tẹ̀lé bí ẹ ṣe fi agbára lù ú, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kó ṣáájú compressor.

Láti DI sí míkísà, wáyà XLR ni kí ẹ lò. Wáyà gìtá lásán tó bá ju mítà mẹ́fà lọ a máa pàdánù ohùn òkè, á sì máa kó ariwo iná mọ́ra. Ẹ sọ fún ẹni tó wà nídìí míkísà kó pa ọ̀nà yín kí ẹ tó kì í bọ ọ́, kó sì gbé e sókè díẹ̀díẹ̀.

Bí ó bá ń kùn, ẹ tẹ bọ́tìnnì Ground Lift tó wà lára DI. Mo bẹ̀ yín, ẹ má gé ẹsẹ̀ kẹta plọ́ọ̀gì áńpù, ẹ má sì gbà kí ẹnikẹ́ni gé e. Ìkùn lè lọ lóòótọ́, àmọ́ ẹsẹ̀ yẹn ló ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀. Nígbà tí kò bá sí mọ́, okùn gìtá lè di ọ̀nà iná, ẹni tó di béèsì mú tó sì fi ẹnu kan máíkì irin ni yóò sì kọjá lára rẹ̀. Iná ti pa olórin báyìí rí.

Àyẹ̀wò: Ẹ má lu nǹkan kan, kí ẹ ní kí wọ́n gbé ọ̀nà béèsì sókè sí ibi tó máa ń wà. Bí gbogbo rẹ̀ bá dákẹ́, ó ti dára.

Ìpele 7: Ẹ tò ó pẹ̀lú báǹdì

Àwọn bọ́tìnnì tí ẹ tò nílé, ẹ gbàgbé wọn. Onídúróòmù kọ́kọ́ lu kíìkì nìkan, ẹ̀yin náà bá a wọlé. Ẹ gbọ́ bóyá ohùn méjèèjì ń bo ara wọn. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ dín ìró ìsàlẹ̀ tiyín kù díẹ̀, kí ẹ fi kún àárín. Ìdàkejì ohun tí ọwọ́ ń fẹ́ ṣe nìyẹn, ẹ gbìyànjú rẹ̀ kí ẹ gbọ́.

Lẹ́yìn náà ni kíbọ́ọ̀dù wọlé. Bí béèsì bá rì nígbà tó wọlé, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọwọ́ òsì ló ń lu ohun tí ẹ̀yin ń lù. Ẹ fi ọ̀wọ̀ bá a sọ̀rọ̀ pé kó gbé ọwọ́ náà sókè fún orin kan. Mo ti rí i tí èyí nìkan yanjú ohun tí wọ́n fẹ́ fi owó ńlá yanjú. Bí báǹdì yín bá ní ìyá ìlù tàbí gángan, ẹ dákẹ́ fún un níbi tó bá ń sọ̀rọ̀. Kò sí pẹ́dàlì tó lè ṣe ìyẹn fún yín.

Fún compressor, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 4:1, kí ẹ sì yí Threshold, ìyẹn ààlà, títí tí yóò fi máa mú àwọn ohùn tí ẹ fi agbára lù nìkan. Bí iná rẹ̀ kì í bá kú rárá, ó ti pọ̀ jù. Fún overdrive, ẹ fi Gain, bọ́tìnnì tó ń sọ bí ohùn yóò ṣe fọ́ tó, sísàlẹ̀, kí Blend wà ní ìdajì. Ẹni tó bá dá gbọ́ ọ á ní ó fọ́ díẹ̀ jù, láàárín báǹdì kò ní dà bíi pé ó fọ́ rárá, á kàn dà bíi pé béèsì súnmọ́ iwájú. Chorus kò gbọ́dọ̀ ju bí ẹ ó ṣe mọ̀ pé ó lọ nígbà tí ẹ bá pa á.

Ìkìlọ̀: gbọ̀ngàn tó ṣófo ń pariwo ju èyí tí èèyàn kún lọ, torí ara àti aṣọ ń gba ohùn òkè mu. Ohùn tó gún yín létí díẹ̀ lọ́jọ́ ìdánrawò lè wà ní ibi tó yẹ gan-an lọ́jọ́ Sunday. Ẹ má tètè dín in kù.

Àyẹ̀wò: Ẹ gbé fóònù padà sí ibi tó wà ní ìpele kejì, kí ẹ lu orin méjì ọjọ́ yẹn. Ẹ fún onídúróòmù ní ti àkọ́kọ́ àti ti ìsinsìnyí láìsọ èwo ni èwo. Bí ó bá mú ti ìsinsìnyí, tó sì lè fi ẹnu kọ ohun tí béèsì lù, pẹ́dàlì náà ti di tiyín. Bí kò bá lè sọ ìyàtọ̀, ẹ dá a padà kí ọjọ́ tí ẹ jọ fẹnu kò sí tó pé. Bí ẹ bá sì fẹ́ mú un dání, ẹ ya fọ́tò bọ́tìnnì pẹ́dàlì, ti gìtá àti ti ọ̀nà béèsì lórí míkísà lálẹ́ ọjọ́ náà, torí ọmọ kékeré kan tàbí àpò tí a jù sínú ọkọ̀ yóò yí wọn kí ó tó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.